Odi Tí Ìkookò Mọ Dí Ẹrẹ̀ Èédú

Láyé ìgbà tí ẹranko ṣì ń wọ ṣòkòtò, tí wọ́n ń joyè, tí wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ kí ara wọn, Kìnnìún ló jọba ní Igbó Arẹ̀gún. Ọba rere ni. Àwọn tó ń jẹun láàfin ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Òkété ń gbẹ́ ihò rẹ̀ lẹ́bàá òkè, ó bá òkúta dúdú kan pàdé. Ó jù ú sínú iná, òkúta náà sì jó ju igi lọ. Èédú abẹ́ ilẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ààfin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òkè náà ti di ti ọba. Wọ́n dá Òkété lọ́lá ṣá: wọ́n ní kó máa bá wọn gbẹ́ ẹ.

Ìkookò ni Kìnnìún fi ṣe olórí ibi ìwakùsà náà. Ìkookò ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí àpárá ọba tó o. Ọba á ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, Ìkookò á ti dọwọ́ bo ikùn.

Bí wọ́n bá wa èédú tán, omi odò ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ohun tó ń ṣẹ́ kù kò ṣeé mu, kò sì ṣeé fi roko: ẹrẹ̀ dúdú tó ń yọ̀ bí ilá, tó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Kó má bàa ṣàn káàkiri, Ìkookò mọ odi ńlá kan dí ẹnu àfonífojì, ó ń da ẹrẹ̀ náà sẹ́yìn rẹ̀. Ìsédò ni wọ́n ń pè é. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni wọ́n fi mọ ọ́n. Òkúta tí ọba fọwọ́ sí fún odi náà ti di ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì lórí òkè, Ìkookò ló sì ń gbé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ itọ́ níwájú ẹni tí itọ́ rẹ̀ ń kán sí ọba létí?

Nísàlẹ̀ odi yìí ni abúlé Ìsàlẹ̀-Orísun wà. Ẹtu, Ọ̀yà, Ẹmọ́ àti Òkété ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ń ro oko tí ààfin ń jẹ. Ẹtu kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, opó ọlọ́mọ méjì, ló kọ́kọ́ fura. Ó lọ ṣẹ́gi nídìí odi, ilẹ̀ tó ti ń gbẹ látijọ́ bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ń sun jáde lára odi bí òógùn. Ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sì gba ààfin lọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Odi yẹn ń sun omi o."

Kìnnìún wo Ìkookò. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìkookò rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, odi tuntun ni. Ọmọ tuntun náà a máa làágùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òwìwí, bọ́ síwájú, kí o sọ ohun tí o rí."

Òwìwí ni wọ́n fi joyè olùṣọ́ ìsédò. Ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń rán an lọ wò ó, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọba. Ó bọ́ síwájú, ó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òpó ààfin.

"Kábíyèsí, mo lọ, mo bọ̀. Èmi ò rí ohun burúkú kankan níbẹ̀."

Ìgbìmọ̀ yìn ín. Wọ́n ní Òwìwí kì í purọ́, òótọ́ sì ni.

Ọ̀yà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Ọ̀pá tí ẹ rì mọ́ odi ńkọ́? Ẹ ní bí ẹrẹ̀ bá fi lè dé ibi àmì pupa, kí gbogbo wa sá. Ẹrẹ̀ ti bo àmì náà."

"A ti mọ̀, a sì ti tún un ṣe," ni Ìkookò wí. "Àmì náà ló wà nísàlẹ̀ jù. A ti gbé e sókè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìjòyè àgbà kan jí lójú oorun, ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òwe náà ń lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mi orí sí i.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ jẹ́ ká kó kúrò."

Ojú Kìnnìún yí padà. "Kí ẹ kó kúrò kí àwọn ọba igbó mìíràn máa fi mí ṣẹ̀sín? Ẹni tó bá sá fún odi ọba, ọba ló sá fún." Lójú ẹsẹ̀, ó rán Ìmàdò lọ ṣe oníbodè lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde ní abúlé náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrù kọjá.

Inú bí Àwẹ̀ró, àmọ́ a kì í bínú sí kìnnìún ní gbangba. Ó rọra gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yín dára. Ẹ̀rù ló kàn ń ba àwọn ọmọ wa. Bí ìdílé Ìkookò bá lè wá máa gbé láàárín wa nísàlẹ̀ odi, ọkàn gbogbo wa á balẹ̀."

Ẹ̀rín kú mọ́ Ìkookò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n inú ọba dùn. "Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n nìyẹn! Ìkookò, kọ́lé síbẹ̀."

"Ìyàwó mi, Kábíyèsí… òtútù kì í jẹ́ kó sùn."

"Kọ́lé síbẹ̀."

Ìkookò ronú títí. Níkẹyìn ó kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀, ó sì kó ìyá ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyá arúgbó yìí ní Arẹ̀gún. Láti ìgbà tó ti ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ ọmọ rẹ̀, kò sí ọbẹ̀ tí kò bú, kò sì sí àlejò tí kò bi léèrè ìgbà tó ń lọ. Wọ́n ní Ìkookò fúnra rẹ̀ ló ru àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tó ń súfèé. Àwẹ̀ró gbé ẹ̀wà sísè lọ kí i.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn."

"Ìrìn kọ́, ọmọ mi. Wọ́n dà mí nù ni."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà.

Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Ìmàdò dúró lójú ọ̀nà rẹ̀ nínú òjò. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Bí àwọn ọmọ Àwẹ̀ró bá gbé iṣu sísun wá fún un, á kọ ẹ̀yìn sí abúlé kó tó jẹ ẹ́, kí wọ́n má bàa ní ó gba rìbá.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, ìyá arúgbó ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò. Iná ò gbọ́, ó ń kú. Ó bojú wolẹ̀, ó rí i tí omi dúdú ń ru jáde láàárín ààrò. Ó bọ́ síta, ó gbójú sókè: odi ti yọ ikùn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì figbe ta, igbe ìkookò tí í mú ọmọdé tọ̀ sílé.

"Ẹ sá o! Odi ọkọ ọmọ mi ń wó o!"

Àwẹ̀ró pọn ọmọ kan, ó fa èkejì lọ́wọ́. Gbogbo abúlé ya sójú ọ̀nà. Ìmàdò fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ dábùú.

"Ọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá."

"Ìmàdò, wo ẹ̀yìn wa!"

Ó wo ẹ̀yìn wọn. "Ohun tí ọba wí gan-an ni pé kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrù kọjá. Ṣé ẹ lẹ́rù?"

"A ò lẹ́rù!"

"Ẹ kọjá."

Ó gbé ọ̀kọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ kejì ti àwọn arúgbó gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró yíjú padà. "Ìwọ náà, máa bọ̀!"

"Wọn ò tíì ní kí n kúrò níbí."

Ìyá arúgbó ló ti kẹ́yìn. Bó ti kọjá báyìí ni odi là. Kò dún bí àrá bí wọ́n ti rò. Ńṣe ló mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo sọ̀, ẹrẹ̀ dúdú sì ya bo ilé, ó bo oko, ó bo orísun tí abúlé fi ń jẹ́ orúkọ. Ó bo Ìmàdò níbi tó dúró sí.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó láti wá ẹlẹ́bi. Òwìwí ní òun ò rí nǹkan kan. Ìkookò wọlé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀, ó wa ẹkún mu.

"Kábíyèsí, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà pàdánù. Ìyá tó bí aya mi! Ìyá tí mo fẹ́ràn bí ẹ̀mí mi!"

"Ta ló kú?" ni ìyá arúgbó bi í lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ bò ó dé etí.

Ọba bú sẹ́rìn-ín, ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Ìkookò alára rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ti rí ẹlẹ́bi: Ìmàdò ni. Wọ́n ní bí kò bá jẹ́ kí wọ́n sá ni, odi ì bá má wó. Odi rí i pé wọn ò fọkàn tán òun, ni ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́.

Àwẹ̀ró ò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé òkú náà.

"Ẹlẹ́bi ni," ni wọ́n wí.

"Ẹ fún mi ní ẹlẹ́bi náà."

Wọ́n wú u nínú ẹrẹ̀, ọ̀kọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí òkè kan lódìkejì odò ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ìyá arúgbó bá wọn lọ. Ó ní ọbẹ̀ wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní da òun nù.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹrẹ̀ àfonífojì gbẹ, ó sì tẹ́jú bí ẹní. Ìkookò ti mọ odi tuntun, iyẹ̀pẹ̀ lásán náà ni. Ó mú Kìnnìún lọ wo ilẹ̀ náà.

"Kábíyèsí, ilẹ̀ tó tẹ́jú báyìí, ta ló yẹ kó gbé ibẹ̀ bí kò ṣe ọba? Ẹ kọ́ ààfin tuntun síbí, kí àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè pa ẹnu mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọba létí.

Ó di ìgbà tí òjò tún kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará òkè wà lóko, wọ́n ń wo àwọn tó ń fi koríko bo òrùlé ààfin nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ odi. Òkété dá ọkọ́ dúró.

"Àwẹ̀ró, ṣé ká lọ sọ fún Kábíyèsí ni?"

Àwẹ̀ró nu òógùn ojú. Ó wo sánmà tó ń ṣú bọ̀ láti ìlà oòrùn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ ebè yìí tán."