Ẹni Tí Màlúù Hó Lé Lórí

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kìíní ọdún, ní abúlé Owlcombe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pantomáìmù ni, eré tí àwọn ará abúlé máa ń ṣe fúnra wọn lọ́dọọdún nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹran Kérésì tán tí wọn ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Clive Hartnoll, alága ẹgbẹ́ eré, já wọ ilé ìdáná gbọ̀ngàn abúlé níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Òun ló ṣe Olówó Ahun, ìkà inú eré, tó ti afárá ìlú pa tó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́dìí.

Glenda Pascoe tó ń tọ́jú aṣọ eré ti gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá dúró dè é. Inú ti ń bí Glenda sí ọkùnrin yìí tipẹ́. Hartnoll fi géètì àti àgádágodo dí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la pápá rẹ̀ kọjá, ọ̀nà tí àwọn bàbá ńlá wọn ti ń rìn, bẹ́ẹ̀ òdìkejì pápá náà ni ìyá Glenda ń gbé.

"Glenda! Ṣó o gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́, Alága. Ẹ mú fìlà wá."

"Hùuuu! Hùuuu! Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí! Nínú pantomáìmù, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ìkà tó bá meré ṣe?"

"Wọ́n máa ń hó lé e lórí."

"Tí wọ́n bá hó díẹ̀ ńkọ́?"

"Ó gbìyànjú díẹ̀ nìyẹn."

"Tí wọ́n bá wá hó títí ohùn fi há?"

"Fìlà, Alága."

Ó bọ́ ọ. Glenda sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà tí mo mi kọ́kọ́rọ́ yìí gan-an ló dùn jù," ó gbá bẹ́líìtì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ dún. "Mo ní, 'Ẹnikẹ́ni ò ní kọjá níbí!' Gbogbo ilé ní, 'A óò kọjá!' Kò sí nínú ìwé eré o! Àwọn fúnra wọn ló fi kún un!"

"Kọ́kọ́rọ́ géètì yín ṣáà ni."

"Òun ni! Ẹgbẹ́ mìíràn á gé páálí. Èmi ò lo páálí. Ojúlówó ni mò ń lò."

"Alága, wọn ò hó lé Olówó Ahun lórí. Ẹ̀yin ni wọ́n hó lé."

"Ṣé èmi kọ́ ni Olówó Ahun ni?"

"Ẹ̀yin Hartnoll tẹ́ ẹ dínà ni mò ń wí."

Hartnoll rẹ́rìn-ín àánú. "O ò mọ tíátà, Glenda. Aṣọ lo mọ̀."

"Ó dáa. Nígbà ìsinmi, tẹ́ ẹ bọ́ irunmú àlẹ̀mọ́ yẹn, tẹ́ ẹ wọ súwẹ́tà ara yín jáde, tẹ́ ẹ lọ pe orúkọ ẹni tí ìbò mú fún ẹ̀bùn agolo bisikíìtì. Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n hó! Láìsí irunmú! Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ọ̀hún ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀."

"Ẹ mú irunmú ọ̀hún wá."

Ó fà á tu, ó ní "Yéè!"

"Ìyá Trudgeon ńkọ́? Etí ìyá yẹn ti di pátápátá. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú eré yẹn. Ó ń hó."

"Ó rí ìkà lójú mi."

"Ó ń fi ọ̀pá lu àga iwájú rẹ̀, ẹni tó jókòó síbẹ̀ sá."

"Ọ̀wọ̀ ńlá!"

"Àlùfáà dìde dúró."

"Ó dìde! Fún èmi! Ó ń wàásù ní Owlcombe láti ọjọ́ yìí, mi ò rí ẹni tó dìde fún rí."

"Ó dìde kí ohùn rẹ̀ lè jáde dáadáa ni. Alága, màlúù pàápàá hó."

Màlúù inú eré, èèyàn méjì ló ń wà nínú awọ rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

"Màlúù wa?"

"Ẹ̀gbẹ́ yín náà ló dúró sí."

"Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?"

"Tiwájú-tẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀! Mo kìlọ̀ fún un nígbà tá à ń kọ́ eré!"

"Ẹ̀yìn ló tiẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Hartnoll bọ́ ẹ̀wù ńlá. Glenda gbà á, ó ká a, ó wò ó lójú.

"Tí eré bá parí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe fún ìkà?"

"Òun ló ń jáde kẹ́yìn. Á ṣí fìlà, àwọn tó ti ń hó á wá pàtẹ́wọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé eré la fi ṣe."

"Ẹ ṣí fìlà lónìí?"

"Mo ṣí i."

"Wọ́n pàtẹ́wọ́?"

Hartnoll wo ilẹ̀. Glenda rò pé ọ̀rọ̀ ti wọlé.

"Wọ́n gbàgbé ni," ni alága wí. "Eré yẹn dùn ju kí èèyàn mọ ìgbà tó parí lọ."

Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí Hartnoll gbọ́ yìnkìn o, ó kàn pè é ní orin ni. Glenda rí i pé àfi kóun bẹ̀bẹ̀.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ìyá mi ti darúgbó. Ọbẹ̀ tí mo bá gbé jáde ní gbígbóná, kí n tó gba títì àwọn lọ́rì yí ká, ó ti di yìnyín. Lánàá, lọ́rì kan fọ́n ẹrẹ̀ lù mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ ṣí géètì yẹn fún wa."

"Bàtà wọn ń ba koríko mi jẹ́," ni Hartnoll wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní kọjá níbẹ̀."

Ohùn tó fi sọ ọ́ lórí ìtàgé náà ló fi sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Àánú rẹ̀ tó kù nínú Glenda tán lójú ẹsẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ mú bẹ́líìtì wá."

"Bẹ́líìtì kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Ohunkóhun tó bá ti gun orí ìtàgé, inú apẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ní alága gan-an ò gbọ́dọ̀ mú un lọ sílé."

"Òfin gidi ni! Àwọn ará ibí ń fẹ́wọ́ jù."

Ó tú bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú ìdérí ìkòkò. Glenda jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ yọ wọlé láti inú ìrì dídì, ó gba apẹ̀rẹ̀.

"O mọ ibi tó ń lọ," ni Glenda sọ fún un, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. "Ẹ jókòó, Alága. Tíì rèé, páì Kérésì ló kù yìí. Ẹ tún sọ ti kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi."

"Àbí o rí nǹkan! Wá gbọ́."

Ó sọ ọ́. Ó tún un sọ. Ó dìde fi bí òun ṣe mi kọ́kọ́rọ́ hàn, ṣíbí tíì ló ń mì. Ibi kókó ọ̀rọ̀ ló wà nígbà tí ariwo kan dún wá láti ọ̀nà pápá.

"Glenda, dákẹ́! Gbọ́!"

"Mo ń gbọ́."

"Àtẹ́wọ́ ni! Mi ò sọ fún ẹ? Wọ́n ti rántí! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́!"

Hartnoll gbọn èérún páì kúrò láyà, ó kọjú sí fèrèsé, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó tẹ̀ títí orí fi kan orúnkún. Láti inú pápá, wọ́n ń pariwo, "A ti kọjá! A ti kọjá!"

Glenda fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ ìṣó.

"Ẹ nàró, Alága. Géètì ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."