Àwọn Tí Kò Dá Mi Lóhùn Lórí Òkè

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo gòkè lọ gba àbúrò mi lọ́wọ́ òkú.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọkọ Dúpẹ́ àbúrò mi kú lójijì, láti ìgbà náà ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ló bá pè mí nílé mi ní Morris Heights, ní Niú Yọ́ọ̀kì, pé òun ń lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Búdà kan lórí òkè, òun á sì pa fóònù. Nígbà tí n ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gba òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tremont, mo wọ tírénì, mo tún wọ tákísí.

Ìsàlẹ̀ òkè ni awakọ̀ já mi sí. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ìkùukùu bo gbogbo ọ̀nà. Aago ńlá kan dún lókè lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo di ìgò òróró mi mú, mo ń gòkè lọ.

Obìnrin kan ń gbálẹ̀ lẹ́nu géètì. Aṣọ rẹ̀ rí bí eérú, ó fárí kodoro. "Good afternoon, ma," ni mo kí i, mo tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Kò dáhùn. Mo kí èkejì, ó tẹrí ba lásán. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wọnú ìkùukùu lọ.

Ìyá àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tó o bá kí tí kò dáhùn, wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Aṣọ wọn ń wọ́ nílẹ̀, n ò rí ẹsẹ̀ kankan! Tá ló sì ń fárí bí kò ṣe opó? Mo ní, yéè, àwọn opó tó ti bá ọkọ wọn lọ rèé, wọ́n fẹ́ fi Dúpẹ́ kún ara wọn.

Mo sáré wọnú gbọ̀ngàn. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri, ẹnikẹ́ni ò mira. Dúpẹ́ wà láàárín wọn. Mo pè é. Kò dáhùn.

"Lórúkọ Jésù, ẹ tú u sílẹ̀!" Mo da òróró sílẹ̀ yíká, èmi ọlọ́gbọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Mo yọ̀ dé ìdí aago ńlá tó dún lẹ́ẹ̀kan yẹn, tí wọ́n gbé kọ́ sí igun gbọ̀ngàn, orí mi sì gbá a, gbọ̀ọ̀ọ̀! Wíìgì mi fò lọ síwájú ìyá àgbàlagbà wọn. Orí mi, tí wàhálà Niú Yọ́ọ̀kì ti pa irun rẹ̀ jẹ, ń dán bíi tiwọn. Màmá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé wíìgì fún mi, ó tẹrí ba.

Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, mo sì dì í mú.

"Àǹtí mi, wọn kì í sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ wá rò pé wọ́n ti kú?"

"Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti ní kí n mú ọkàn le."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un láràárọ̀. Mo nu òróró mi kúrò nílẹ̀ wọn, mo sì dá sọ̀ kalẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo kàn ń jókòó tì í ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Pásítọ̀ wa bi mí bóyá òróró náà ṣiṣẹ́. Mo fọwọ́ kan kókó iwájú orí mi, ẹ̀rín pa mí.

"Ó ṣiṣẹ́ sà. Òun ló gbé mi ṣubú tí àbúrò mi fi rẹ́rìn-ín."