Bàbá Ìjọ Gbé Oògùn Aràn Àwọn Ọmọ Mì

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ní abúlé tí ó wà lẹ́bàá ìlú Mámu, ẹjọ́ tí ó sọ àwọn ìjòyè àgbà di ọmọdé nínú ẹ̀rín. Kíkẹ́lọmọ ni ó pe ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìjọ Samson, lẹ́jọ́.

“Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Nọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ mi mẹ́ta ní oògùn aràn, hóró kọ̀ọ̀kan. Kí n tó ti odò dé, bàbá wọn ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, inú ń run Gbémi, àbíkẹ́yìn wa.”

Baálẹ̀ kọjú sí ọkọ. “Samson, o fi oògùn du ọmọ?”

“Rárá o, Kábíyèsí. Mo bá wọn lò ó ni. Olórí ilé ni mí. Bí mo bá gbààwẹ̀, gbogbo ilé ni mo bá gbà á. Èwo ni ti oògùn?”

Erelú da ìbéèrè sí i. “Aràn inú Gbémi mọ̀ ọ́ lólórí ilé bí?”

“Ó yẹ kí ó mọ̀ mí, Ìyá.”

“Tìrẹ ńkọ́?”

“Háà, tèmi mọ̀ mí! Ṣáláńgá ni oòrùn là bá mi, ibẹ̀ náà ni ó wọ̀ bá mi.”

Fàsásì, ẹlẹ́rìí Samson, dìde. “Ojú mi ló ṣe. Omi tí ó mọ́ gaara ni ó fi gbé e mì.”

“Ta ni ó bu omi náà?” Baálẹ̀ bi í.

“Adẹ́mu ni.”

“Omi náà hó?”

“Ó hó díẹ̀, Kábíyèsí.”

Samson pariwo: “Fàsásì, èmi ni o wá jẹ́rìí fún, àbí ìyàwó mi?”

Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì Abigail sọ̀rọ̀.

“Kábíyèsí, ọjọ́ orí la fi ń wọn oògùn aràn. Ẹnì kan kì í lò ó fún ẹlòmíràn, a kì í sì í fi ẹmu gbé e mì. Àlòjù ló sọ Bàbá Ìjọ di ará ṣáláńgá.”

“Oògùn ṣì kù?”

“Ó kù, bí olórí ilé kò bá tún ní ṣojú wọn.”

Baálẹ̀ wúkọ́. “Kíkẹ́lọmọ, kó àwọn ọmọ tẹ̀lé nọ́ọ̀sì báyìí. Kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ mì lójú rẹ̀. Samson, òfin rẹ dára, a ó sì tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ yóò se ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja lálẹ́ òní. Ìwọ yóò jókòó ti ìkòkò, ilé rẹ yóò sì jẹun yó fún ọ.”

Samson dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kábíyèsí, orí ẹja ńkọ́?”

“Gbémi yóò bá ọ jẹ ẹ́.”