Ọkùnrin Tó Fi Apá Ìyàwó Rẹ̀ Gba Abẹ́rẹ́

Ẹjọ́ kan balẹ̀ sí ààfin Baálẹ̀ Àyàntúndé lánàá, ní abúlé kan lẹ́yìn Odigbo. Kí olùpẹ̀jọ́ tó wọlé, ikọ́ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìjòyè kan ń nu imú, èkejì ń ha ọ̀fun, inú ọyẹ́ yìí náà ni.

Elisha, àgbẹ̀ olókókó, ló pe ẹjọ́. Ó ti já kókó rẹ̀ tán, ó kó o jọ gègèrè sábẹ́ igi, ó ń retí àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró rẹ̀ kí wọ́n wá bá a fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó wá. Ọ̀fìnkìn líle tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní fúlù ti dá wọn dùbúlẹ̀. Láàárọ̀ àná, Elisha la kókó kan, ó rí i pé ó ti ń hù nínú èèpo. Làálàá ọdún kan gbáko! Kò jẹun kó tó gba ààfin lọ.

"Baálẹ̀ wa, ẹ gbà mí. Lawrence ti pa mí."

Baálẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Òkú tó ń sọ̀rọ̀ rèé. Kí ló fi pa ọ́?"

"Ikọ́ ni, Baálẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣe àáró Owólabí, ṣe ló ń húkọ́ bí ẹ̀rọ ìlọgbágùúdá tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ó ń sín, kò bo ẹnu. Ife kan ṣoṣo tí gbogbo wa fi ń mu omi, òun ló kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu. Ó ní òun lòun dàgbà jù."

"Lawrence, o gbọ́?"

Lawrence dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Baálẹ̀, ẹ wá ọ̀daràn míì. Èmi ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára."

Nọ́ọ̀sì Àzíìzàt, tó máa ń ti Ore wá fún wọn lábẹ́rẹ́, fò dìde. "Níbo lẹ ti gbà á, sà? Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ náà, mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí oòrùn fi kan àtàrí, n ò rí yín."

"Ṣé o rí ìyàwó mi?"

"Mo rí wọn. Mo gún wọn lápá òsì."

"Ó parí! Ìwé Mímọ́ ní ọkọ àti aya yóò di ara kan. Abẹ́rẹ́ tó wọ ara Moyọ̀sọ́lá, ara ta ló wọ̀? Kódà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá òsì ń dun èmi náà."

Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Bàbá Oyin, ẹ sùn lé apá yẹn ni."

Baálẹ̀ pe ẹlẹ́rìí. Kàmál ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ jáde.

"Baálẹ̀, èmi ni mo gbé Bàbá Oyin lọ sóko lọ́jọ́ àáró náà. Wọ́n ń sín sí mi lẹ́yìn ọrùn títí a fi débẹ̀. Mo rò pé òjò bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́ ni."

"Irọ́ ni!" Owólabí, ọ̀rẹ́ Lawrence, fò sókè. "Lawrence ò húkọ́ rá..." Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó húkọ́, ó di ògiri mú, ó tún húkọ́.

"Kí nìyẹn, Owólabí?"

"Eruku ni, Baálẹ̀."

"Ìgbà wo ni eruku náà bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí mo mu omi tẹ̀lé Lawrence ni."

"Ìwọ lo sì ní kò húkọ́?"

"Kò húkọ́ púpọ̀, Baálẹ̀. Tó bá ń jẹun, ó máa ń dákẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ààfin. Elisha nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òkìtì kókó rẹ̀ ló ń rí.

Baálẹ̀ yíjú sí Lawrence. "Nígbà tí ara rẹ ò yá, kí ló dé tí o ò jókòó sílé?"

"Òfin tiyín ni, Baálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí kò bá wá sí àáró ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má bá a ṣe tirẹ̀. Kókó tèmi náà ń pọ́n lórí igi."

Baálẹ̀ wo àjà. Àwọn ìjòyè náà wo àjà, àfi bí ẹni pé àjà ló ṣòfin. Elisha fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun náà ì bá lọ, bí ikọ́ tilẹ̀ fẹ́ já òun ní ìfun.

Ni Baálẹ̀ bá fi ìgùnpá bo ẹnu, ó húkọ́ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí sí i pé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa húkọ́ nìyẹn.

"Òfin yẹn kú lónìí," Baálẹ̀ wí. "Ẹni tí ikọ́ bá mú, kó jókòó sílé, àáró rẹ̀ ò sọnù. Kí oníkálùkù mú ife tirẹ̀ wá sóko, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ní ti Lawrence, mo gbà pé òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ara kan. Ta lèmi, tí n ó bá Ìwé Mímọ́ jiyàn?"

Lawrence rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Nítorí náà, ìwọ tí ara rẹ ti yá, oko Elisha lo ń gbà lọ láti ibí. O ò ní í kúrò nídìí òkìtì yẹn títí kókó tó kẹ́yìn yóò fi fọ́. Moyọ̀sọ́lá yóò jókòó síbí, yóò máa jẹun fún ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ja wọlé fún Moyọ̀sọ́lá. Ó fọwọ́, ó gbàdúrà, ó ki òkèlè bọ ọbẹ̀.

"Lawrence, ṣé ó dùn?" Baálẹ̀ bi í.

Lawrence gbé itọ́ mì. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gún mi. Ara mi dá wà."

"Mo máa gún yín, sà, ṣùgbọ́n ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ràn yín lọ́wọ́ dáadáa. Lọ́dọọdún lẹ ó sì máa gbà á."

"Iyán ńkọ́? Ṣé òun náà máa tó ọ̀sẹ̀ méjì?"

Moyọ̀sọ́lá tún bu òkèlè mìíràn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ìró kùmọ̀ ń dún lóko Elisha. Èyí tó hù kò pọ̀ bí ẹ̀rù ti ṣe bà á. Lawrence ń fọ́ kókó, inú rẹ̀ ń kùn. Elisha wò ó títí, ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tirẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí i, ó sì gbé ife tuntun kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Gbà, jẹun. Àmọ́ fọwọ́ rẹ ná. Ife tìrẹ nìyẹn. Èmi àtìẹ kì í ṣe ara kan."