Kápúsù Méjìlá Inú Fìlà Baálẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Ìgbẹ̀yìn-Odò! Ẹni tó ń fọṣọ, kó fún un kalẹ̀ ná. Baálẹ̀ Adégúnlẹ̀ ló rán mi.

Ẹ rántí pé ọkọ́ ṣá Baálẹ̀ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ nígbà tó ń ro oko ẹ̀gẹ́. Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá ní ilé ìtọ́jú wa fún un ní kápúsù ọjọ́ méje, mẹ́ta lójúmọ́. Nígbà tó lo ti ọjọ́ kẹta tán, ẹsẹ̀ ò dùn ún mọ́. Baálẹ̀ bá kó méjìlá tó kù sínú fìlà. Ó fún àbúrò rẹ̀ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ní mẹ́rin. Ó fún ajá rẹ̀ tó ń tiro ní méjì. Ó tú ìyókù dà sójú egbò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ wú bí iṣu ewùrà. Ó tún lọ gba irú kápúsù kan náà, ó lò ó, kò ràn án. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò ní ọsibítù ńlá. Ìka mẹ́wàá ló gbé lọ, mẹ́sàn-án ló gbé bọ̀.

Ẹ̀rù bà á. Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá ayé ló ń ṣe òun. Nọ́ọ̀sì ní, "Baba, ayé kọ́. Àwọn kòkòrò inú egbò ń bímọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba àdàkọ ohun tó wà nínú ara ìyá rẹ̀. Nígbà mìíràn àdàkọ náà á ṣì, àṣìṣe yẹn á sì sọ ọmọ di èyí tí kápúsù ò lè pa mọ́. Ẹ pa àwọn ọ̀lẹ, ẹ fi àwọn alágídí sílẹ̀. Àwọn ló bímọ kún ẹsẹ̀ yín."

Baálẹ̀ ní òun ló ṣe ara òun. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ!

Èkíní: Kápúsù ọjọ́ méje, ọjọ́ méje ni! Ara ì báà yá, ọjọ́ méje ni!

Èkejì: Ọ̀fìnkìn ò gba kápúsù. Ẹ jẹ́ kó ṣàn.

Ẹ̀kẹta: A ò gbọdọ̀ tú u dà sójú egbò, a ò gbọdọ̀ dà á sómi adìyẹ tí ara rẹ̀ le. Ajá tó bá ń tiro, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún la bá lẹ́sẹ̀ ajá Baálẹ̀!

Ẹ̀kẹrin: Èyí tó ṣẹ́kù nínú fìlà, nínú àpò, lábẹ́ ẹní, kó padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Ẹni tó bá rú òfin á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìtọ́jú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, á máa ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá wọlé bí kòkòrò ṣe ń di alágídí. Tó bá ṣì í sọ, á tún un sọ! Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣì í.

Ẹnu Baálẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá, ọ̀fun tèmi ló kàn gbà jáde. Ẹ sọ fún ẹni tí kò sí nílé. Èmi Odétúndé alágogo, ilé ìtọ́jú ni mo forí lé báyìí: márùn-ún ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.