Ọgbọ̀n Nọ́ńbà àti Ọkọ Àtọ́kẹ́

Ọdún 1919 ni, lẹ́bàá Ọjà'ba n'Ìbàdàn. Olúsànyà, tíṣà iléèwé míṣọ́n, wá gbọ́ èsì ìwádìí tí ọ̀mọlé kan, bàbá Àtọ́kẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ṣe nípa ìdílé tíṣà náà, kí wọ́n lè dá ọjọ́ ìdána fún un. Tíṣà yìí ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́.

BÀBÁ: Àtọ́kẹ́ ní nọ́ńbà lo máa ń kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló rán ẹ?

OLÚSÀNYÀ: Kò sẹ́ni tó rán mi, sà.

BÀBÁ: Mo rò bẹ́ẹ̀.

OLÚSÀNYÀ: Nọ́ńbà tó tẹ̀léra ni, sà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ení. Ìkejì jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òdo ló wà. Ìkẹta fò sókè, ó di igba ó lé méjìléláàádọ́ta.

BÀBÁ: Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ìpìlẹ̀ ni. Ó yé mi.

OLÚSÀNYÀ: Ọ̀gbẹ́ni kan, ará Íńdíà, sọ pé ààlà wà tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ò ní kọjá, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ààlà náà ń ga bí wọ́n ṣe ń lọ.

BÀBÁ: Ògiri tó ń ga fúnra ẹ̀. Kékeré ni mo ti ń po amọ̀, n ò rírú ẹ̀ rí. Ṣé òótọ́ ló sọ?

OLÚSÀNYÀ: Mo ṣírò ọgbọ̀n àkọ́kọ́, sà. Kò sí ọ̀kan tó kọjá ààlà.

BÀBÁ: Ó parí nìyẹn. Ká sọ̀rọ̀ ìyàwó.

OLÚSÀNYÀ *(ó rẹ́rìn-ín músẹ́)*: Kò tíì parí o, Bàbá. Ohun tí àwọn tí ò kàwé ò mọ̀ nìyẹn.

BÀBÁ *(ó ṣí fìlà)*: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàlàyé fún àwa tí ò kàwé.

OLÚSÀNYÀ: Ọgbọ̀n lè pa òfin mọ́, kí ìkọkànlélọ́gbọ̀n ya ìyàkuyà. Bí mo yẹ ẹgbẹ̀rún wò, n ò tíì mọ nǹkan kan. Àfi ká fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, títí láé.

BÀBÁ: Ta ló ti ṣe é?

OLÚSÀNYÀ: Kò tíì sẹ́ni kankan, sà. Ó lè gba àádọ́ta ọdún.

BÀBÁ: O ṣé tí o là mí lójú. Mo lọ sí Pópó Yemọja, mo bi èèyàn mẹ́rìnlá léèrè nípa ìdílé yín. Wọ́n ní kò sí wèrè, kò sí olè, kò sí ẹni tó ń lu ìyàwó. Ọjọ́ ìdána ti wà lẹ́nu mi kí o tó wọlé.

*(Olúsànyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.)*

OLÚSÀNYÀ: Ẹ ṣé, Bàbá. Èèyàn mẹ́rìnlá mà tó ẹ̀rí, sà.

BÀBÁ: Dìde, tíṣà. Àwọn ará ilé yín ju mẹ́rìnlá lọ, wọn ò sì tíì bí àwọn kan. Jẹ́ kí n yẹ gbogbo wọn wò. Padà wá lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Àwọn ọmọọmọ Àtọ́kẹ́ á fún ẹ lómi mu.