Sinimá Tí Mo Fi Ojú Dídì Túmọ̀

Ọjọ́ kan wà tí mo ti ń bẹ̀ pé kó kúrò lọ́kàn mi, kò gbà. Ọjọ́ náà ni mo jókòó síwájú odidi ìjọ kan láti túmọ̀ sinimá tí n kò wò rí, tó sì jẹ́ pé èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi yàn án fún wọn. Ẹ má wulẹ̀ bá mi káàánú. Ọwọ́ mi ni mo fi fà á.

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Ọ̀pin nígbà náà, láàárín ọdún tí ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ gbòde. Ìlọrin ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo padà wálé, tí àwọn èèyàn rántí pé ìgboro tó ní ilé sinimá ni mo ti ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ọ̀rọ̀ sinimá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Kò pẹ́ tí mo fi di adájọ́. Búrọ̀dá Sinimá ni wọ́n ń pè mí. Bí ọkọ̀ ìjọba bá gbé sinimá wá fún àwọn àgbẹ̀, ojú mi ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó dára.

N kì í fi ìdájọ́ falẹ̀. Ti àwọn ará Íńdíà, mo ní: "Orin ibẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sunkún níbẹ̀, kó lọ bi ìyá ẹ̀ léèrè bóyá òun ló bí i." Ti àwọn ará Ṣáínà tó ń ja ìjà ẹlẹ́sẹ̀: "Ọ̀rọ̀ á ti tán, ètè wọn á ṣì máa mì." Ti àwọn Òyìnbó ẹlẹ́ṣin: "Ọta mẹ́fà ló wà nínú ìbọn, èèyàn mọ́kànlá ló kú. Ta ló pa márùn-ún yòókù?" Ti àtijọ́, tó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, mo ní àwọn yẹn ló mọ eré ṣe, nítorí wọn ò rí aṣọ aláràbarà kankan sá pamọ́ sí. Èyí tí ìjọba fi ń kọ́ wa bí a ṣe ń gbin àgbàdo, mo ní, "Ọkọ́ ọwọ́ àgbẹ̀ yẹn mọ́ jù. Kò dá oko rí." Nínú gbogbo ìdájọ́ mi, èyí nìkan ló jẹ́ ohun tí mo fi ojú ara mi rí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Ní ọdún mẹ́ta tí mo lò ní Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ ilé sinimá. Bó ṣe dé àárín ni ejò kan gbórí sókè lára ògiri, orí ẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Kí n tó mọ̀, mo ti wà níta, bàtà mi kan ṣì wà nínú ilé. Láti ọjọ́ náà, ìta ni mo máa ń dúró sí. N ó wo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, n ó ra ẹ̀pà, n ó sì tẹ́tí sí àwọn tó ń jáde. Bí a bá yọ ti àgbàdo ìjọba kúrò, ìdajì sinimá kan ni mo wò láyé mi, òun ni mo fi ń dájọ́ gbogbo ìyókù.

Irọ́ náà ìbá máa bá mi gbé jẹ́jẹ́ bí kì í bá ṣe ti Dúpẹ́. Ọmọbìnrin Baba Ìjọ ni, Baba Ìjọ wa tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ iṣẹ́, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsinmi. Dúpẹ́ ti gbà fún mi, ó ku bàbá ẹ̀. Ọdún yẹn, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Kàdúná àti Ìlọrin ní àwọn máa háyà onísinimá wá síbi ìkórè, kí èrò lè pọ̀. Baba Ìjọ ránṣẹ́ pè mí.

"Wọ́n ní o mọ sinimá," ó ní. "Yan èyí tí ìyá mi lè jókòó wò láìsí ẹ̀gbin. Bí ìkórè yìí bá lọ láìlábùkù, kí àwọn ẹbí rẹ wá rí wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Onísinimá tẹ́ àwòrán mẹ́ta sórí tábìlì. Ọkùnrin oníbọn wà lára àkọ́kọ́. Mo ní ìyẹn ò dára fún ìjọ. Àwọn tó bọ́ra sílẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbára wọn wà lára èkejì. Mo ní ìhòòhò ni. Lára ẹ̀kẹta, obìnrin kan wọ aṣọ funfun, ó gbé ọmọ lọ́wọ́, ó dúró létí odò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èyí ni," mo ní. "Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ìyá kan ló sọ ọmọ nù, sà, ó sì wá a rí."

"Bíi ti Mósè."

"Bíi ti Mósè gan-an, sà."

Onísinimá yanu. "Ṣùgbọ́n, Búrọ̀dá, èyí…"

"Mo ní mo ti wò ó," mo dá a lóhùn, ó sì panu mọ́. Ọkùnrin yẹn fẹ́ gbà mí là, mo kọ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi í sí, nítorí Baba Ìjọ ní tọmọkùnrin tọmọbìnrin kò gbọdọ̀ bára wọn nínú òkùnkùn lálẹ́. La bá fi ẹní àti aṣọ dí gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ìwé, a sì dá òkùnkùn sílẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án gangan. Èmi ni mo rán aṣọ funfun méjì pọ̀ tí a ta sára ògiri, ojú rírán ẹ̀ sì já sí àárín gbùngbùn. Níwájú pátápátá ni wọ́n fi mí sí, láàárín Baba Ìjọ àti ìyá ẹ̀ arúgbó, tí gbogbo ìlú ń pè ní Yèyé. Dúpẹ́ jókòó sẹ́yìn wa. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú sinimá náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èmi tí mo ní mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta máa túmọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tuni lára. Odò, ẹyẹ, obìnrin náà ń kọrin fún ọmọ. Mo gbé ohùn sókè, mo ń túmọ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kíkà. Àfi bí orin ṣe yí padà lójijì, tí ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa irin lórí òkúta. Mo mọ irú orin yẹn. Òun náà ló ṣáájú ejò Ìlọrin. Mo rọra di ojú mi, mo sì ń bá ìtumọ̀ lọ.

"Ó ń gbé ọmọ lọ sílé báyìí," mo ní. "Ó fẹ́ lọ fún un lóúnjẹ."

Yèyé ní, "Inú odò ni ulé ẹ̀ wà?"

"Ẹ̀bá odò ni, Yèyé."

"Omi ti mu ún dé ọrùn."

"Ó fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Yèyé kò tíì tán.

"Ta wá lèyí tó ń ti inú omi bọ̀?"

"Ọkọ ẹ̀ ni, Yèyé. Ó ń ti oko bọ̀."

"Ọkọ ẹ̀ ò lójú."

Mo lajú. Orí kan ló gba gbogbo aṣọ funfun náà, omi ń kán lára irun ẹ̀, ihò méjì ló wà níbi tó yẹ kí ojú wà, ojú rírán mi sì là á láàárín láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bóyá ẹlòmíì ìbá rántí pé òwú òun ni. Èmi ò rántí. Ẹsẹ̀ mi ti dìde kí n tó pinnu. Mo tẹ Baba Ìjọ lẹ́sẹ̀, mo fa ẹní fèrèsé ya, mo sì bẹ́. Ara mi jáde dé ìbàdí, ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ mi bá há sí ìṣó. Oòrùn wọlé wàà, sinimá pòórá lára aṣọ, gbogbo ìjọ sì yíjú sí ìdajì mi tó kù sínú ilé. Níta, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún ìkórè ń wo ìdajì kejì.

Dúpẹ́ ló jáde wá tú mi sílẹ̀. "Ẹ rọra, Búrọ̀dá, ẹ máa ya á. Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán an." N kò lè wo ojú ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́lòmíì tó sá. Wọ́n gbé ẹní padà sí fèrèsé, wọ́n wò ó tán. Èmi wà lábẹ́ máńgòrò níta, mo ń tẹ́tí, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe ní Ìlọrin. Ẹ̀pà nìkan ni kò sí. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn obìnrin ń nu ojú. Wọ́n ní ìyá náà padà rí ọmọ ẹ̀.

Baba Ìjọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Yèyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn níwájú wọn.

"Ṣé èyí tí o wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn?"

"N kò wò ó rí, sà. Ìdajì kan ni mo wò ní Ìlọrin kí n tó sá. Ìyókù, ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti gbọ́ ọ."

"O purọ́ fún ìjọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo ti ń bá ọjọ́ Mọ́ńdè dágbére lọ́kàn mi. Ó wá ní, "Èyí tí o wò lónìí ńkọ́, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dára, sà. Ó bà mí lẹ́rù."

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí n kò rí, mo máa ń sọ pé n kò rí i. Búrọ̀dá Fèrèsé ni wọ́n sì ń pè mí títí dòní. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í jìnnà sí ẹkún.

Lọ́jọ́ náà, kí Baba Ìjọ tó dá mi lóhùn, Yèyé ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó wo ọmọ ẹ̀, ó wo èmi tí mo wà nílẹ̀.

"Ìdajì kan ní Ìlọrin, ìdajì kan níhìn-ín," ó ní. "Ó ti wo odidi kan báyìí. Jẹ́ kí àwọn ẹbí ẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."